Kí Omi Má Baà Dànù: Àyẹ̀wò Ọmọ Inú ní Àwọn Ọ̀sẹ̀ Ìkẹyìn Oyún

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá bọ́ sódì, tí aboyún padà sílé láìgbé ọmọ dání, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn Yorùbá fi ń tu ìyá nínú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó ń rán ìyá létí pé ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà, àti pé ẹni tí agbè rẹ̀ kò fọ́ lè tún padà sódò. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀, ibi tí ìtùnú bá parí sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń parí sí. Wọn a sin òkú ọmọ náà ní bòńkẹ́lẹ́, láìsọ ọ́ lórúkọ. Wọn a ní kí ìyá má sunkún mọ́. Ayé a sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tí ó da omi náà nù. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bóyá omi náà ti ń jò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tí ẹni tí ó yẹ kí ó yẹ agbè wò kò sì wò ó.

Ìbéèrè náà kò kéré. Ní ọdún 2020, UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé, Báǹkì Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé jọ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ọmọ ni a ń bí ní òkú lágbàáyé lọ́dọọdún, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá 16. Àwọn tí oyún wọn ti pé ọ̀sẹ̀ 28 sókè nìkan ni wọ́n kà mọ́ ọn. Oyún tí ó bàjẹ́ ṣáájú ìgbà náà kò sí nínú rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin tí ó kú báyìí, mẹ́ta ni ó jẹ́ ti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ní Áfíríkà àti ti gúúsù Éṣíà. Ó lé ní ìdá 40 nínú 100 wọn tí ó kú lẹ́yìn tí ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù, tí wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1 lọ́dún, kú kí ìrọbí tó dé rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ká ẹni lára jù níhìn-ín, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣàdédé kú. Wọ́n fi àmì hàn kí wọ́n tó lọ.

Àwọn Yorùbá kò ka ọmọ inú sí ohun tí kò lẹ́nu. Nígbà tí obìnrin bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan yí nínú òun, wọn a ní ọlẹ̀ ti sọ. Láti ìgbà náà ni ìyá àti ọmọ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí oyún bá fi máa pé oṣù méje, ọ̀pọ̀ ìyá ti mọ ìwà ọmọ inú wọn: èyí tí í tapá nígbà tí ìyá bá jẹun tán, èyí tí kì í jẹ́ kí ìyá sùn lóru, èyí tí í sinmi lówùúrọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ ìwà yìí tó ìyá.

Ìdí tí ìwà náà fi ṣe pàtàkì kò ṣòro láti yé ni. Ibi ọmọ ni ó ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí ìwọ́ sì ń gbé e dé ara ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, tàbí oyún tí ó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ bá sọ ibi náà di aláìlágbára, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọmọ inú a wá ṣe bíi baálé tí owó oṣù rẹ̀ já wálẹ̀: a kọ́kọ́ dá ìnáwó tí kò pọn dandan dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kù a máa lọ sí ọpọlọ àti ọkàn. Ara kò ní í dàgbà bí ó ti yẹ mọ́. Omi tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ a máa fà. Ìtapá a sì dín kù, nítorí pé agbára tí ó yẹ kí ó fi tapá ni ó fi ń mí sí ẹ̀mí. Òótọ́ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà tí ìyá bá rò pé ọmọ òun dákẹ́, àyẹ̀wò máa ń fi hàn pé ọmọ wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ ìdákẹ́jẹ́ oorun yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ ìpọ́njú ju kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu kan ti ń ṣe ìpalára. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó máa ń sọ fún aboyún pé ọmọ a máa dákẹ́ bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ó ń kó agbára jọ ni. Òótọ́ kan wà níbẹ̀: bí àyè ṣe ń há mọ́ ọmọ, ìtapá líle lè di yíyí àti nínà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí iye ìgbà tí ọmọ ń yí dín kù, yálà oyún pé oṣù mẹ́sàn-án tàbí kò pé. Aboyún tí ó gba ìmọ̀ràn yìí gbọ́, tí ó lọ sùn, tí ó ní kí ilẹ̀ mọ́, lè jí bá ohun tí ojú kò fẹ́ rí. Ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn kò ní ibi lọ́kàn. Àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ náà ń pa ọmọ.

Kí wá ni àwọn àyẹ̀wò tí ó wà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe kò ju pé kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ìyá, kí ó ti bébà àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kí ó sì fi téèpù aránṣọ wọn ikùn láti egungun abẹ́ ikùn dé orí ilé ọmọ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, iye sẹ̀ǹtímítà tí téèpù bá kà máa ń súnmọ́ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún jẹ́. Bí ikùn ọ̀sẹ̀ 34 bá ń wọn 29, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni gbígbọ́ ọkàn ọmọ. Ìwo kékeré tí agbẹ̀bí ń gbé lé ikùn, tí ó ń fi etí tì, ni dókítà ará Faransé kan, Adolphe Pinard, ṣe ní ọdún 1895. Kò nílò iná mànàmáná. Ó wà títí di òní, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí a bá ti rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá ń kọ ni lóminú, àyẹ̀wò kejì ló kàn. Wọn a de ìgbànú méjì mọ́ ikùn aboyún: ọ̀kan ń gbọ́ ọkàn ọmọ, èkejì ń mọ̀ bí ilé ọmọ bá ń sún kì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CTG a máa ya ohun tí ó gbọ́ sórí bébà. Ọkàn ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá sì yí, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ sáré díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkàn ẹni tí ó gun àkàsọ̀ ti ń sáré. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, bí ìlù ọkàn bá fi 15 lé sí i, tí ó sì tó ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ó tó rọlẹ̀, tí èyí sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì láàárín 20 ìṣẹ́jú, ọkàn dókítà a balẹ̀. Bí kò bá wáyé, wọn a fi kún àkókò náà títí di 40 ìṣẹ́jú, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọmọ máa sùn. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn, kò sì dun ìyá tàbí ọmọ.

Bí èyí kò bá tẹ́ni lọ́rùn, àyẹ̀wò kẹta wà, èyí tí Frank Manning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1980. Wọn a fi síkáànù wo nǹkan mẹ́rin: bóyá ọmọ ń ṣe bí ẹni ń mí, bóyá ó ń yí, bóyá ó ń ká apá àti ẹsẹ̀ kò tí ó sì ń nà án, àti bóyá omi tí ó yí i ká tó. Wọn a fi àbọ̀ CTG ṣe ìkarùn-ún. Máàkì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá gba 8 tàbí 10 yege. Èyí tí ó bá gba 4 sísàlẹ̀ wà nínú ewu. Síkáànù mìíràn tún wà tí ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ìwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo páìpù omi bóyá nǹkan ti dí i. Ìwádìí fi hàn pé lílò ó fún àwọn oyún eléwu ń dín ikú ọmọ kù.

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ síkáànù mọ́ ni ìbéèrè kan ṣoṣo: akọ ni àbí abo? Wọn a san owó, wọn a gbọ́ ìdáhùn, wọn a ra aṣọ ọmọ ní àwọ̀ tí ó bá a mu, bébà síkáànù a sì wọ inú àpò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ pàtàkì kan wà tí síkáànù àkọ́kọ́ wà fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, nítorí ìgbà náà ni ó rọrùn láti mọ ọjọ́ orí oyún dáadáa. Gbogbo àyẹ̀wò ìkẹyìn dúró lórí ọjọ́ orí yìí. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá oyún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 40 kò lè sọ bóyá ọmọ kéré jù, kò sì lè sọ bóyá oyún ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a gbọ́ ẹnu àwọn tí ó ní ìyẹ̀mejì pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2016, kò dámọ̀ràn kí a máa de ẹ̀rọ CTG mọ́ gbogbo aboyún láìsí ìdí. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 33 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé kíkìlọ̀ fún ìyá nípa ìtapá ọmọ àti fífi ìlànà kan náà tọ́jú gbogbo ẹni tí ó bá mú ẹ̀sùn wá kò dín iye òkú ọmọ kù lọ́nà tí ó hàn gbangba. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni iye obìnrin tí wọ́n fi oògùn mú rọbí àti iye àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹ̀rọ lè ké ìbòsí èké. Ọsibítù aládàáni tí ó bá fẹ́ràn owó lè sọ ìbòsí èké di iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò sọ pé kí a di etí sí ìyá tí ó bá ní ọmọ òun dákẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é jẹ́ ilẹ̀ tí obìnrin tí ó bá pe ọsibítù lálẹ́ ti máa ń rí ẹni dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá a lè fi nǹkan lé e. Ní ilẹ̀ tí obìnrin kan ti lè dé ilé ìwòsàn kí ó bá a ní títì pa, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà ni pé rírà ẹ̀rọ nìkan kò gba ọmọ là. Àyẹ̀wò jẹ́ ẹ̀wọ̀n onígbá mẹ́ta: ìyá ní láti mọ̀, ẹni kan ní láti gbọ́, ẹni kan sì ní láti ṣe ohun tí ó yẹ lọ́jọ́ náà. Bí ìgbá kan bá já, gbogbo rẹ̀ já.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ẹ̀wọ̀n náà ti ń já hàn kedere. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti ọdún 2018, fi hàn pé ìdá 67 nínú 100 obìnrin ni ó rí òṣìṣẹ́ ìlera tí ó mọṣẹ́ nígbà oyún wọn. Ìdá 57 ni ó lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ìdá 39 péré ni ìbímọ tí ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wéra: àwọn obìnrin ń wá, wọn a gba káàdì, wọn a gba abẹ́rẹ́, wọn a sì pòórá nígbà tí ọ̀rọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ìgbà mẹ́jọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera, márùn-ún ni ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 30 sí 40. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí àyẹ̀wò ọmọ inú ṣe pàtàkì jù ni ọ̀pọ̀ aboyún máa ń fi ọsibítù sílẹ̀.

Ibo ni wọ́n ń lọ? Ọ̀pọ̀ ń lọ sí ilé agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìgbẹ̀bí inú ìjọ. Ẹni tí ó bá rò pé òpè ni wọ́n ń ṣì wọ́n jẹ. Ní ilé agbẹ̀bí, wọn a kí aboyún tayọ̀tayọ̀, wọn a mọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, wọn a gbàdúrà fún un pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ní ọsibítù, ó lè jókòó láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ sì kígbe mọ́ ọn. Owó tún wà níbẹ̀: owó káàdì, owó ìbọ̀wọ́, owó àyẹ̀wò, owó ọ̀kadà. Lékè gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ. Àdúrà tí ó wọ́pọ̀ ní ìjọ ni pé kí aboyún bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù, láìfi abẹ kan ara. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ obìnrin pípé, aboyún a máa sá fún àyẹ̀wò nítorí ohun tí àyẹ̀wò lè sọ. Ìwádìí ọdún 2018 yẹn kan náà fi hàn pé ìdá 3 péré nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe. Ewu tí ó wà lóde fún aboyún Nàìjíríà ni pé kí ó nílò iṣẹ́ abẹ, kí ó má sì rí i.

A kò lè ní kò sí ọ̀nà àbáyọ, nítorí pé wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ń lọ bá aboyún nílé, wọ́n fún aboyún ní fóònù tí ó lè fi pe òṣìṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́ ọsibítù ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ètò Agbẹ̀bíyè dìde fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Dípò kí wọ́n fi ọlọ́pàá lé wọn, wọ́n ń fún wọn lówó fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá sí ọsibítù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fi jẹun. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni pé agbẹ̀bí tí aboyún fọkàn tán di ọ̀kan nínú ìgbá ẹ̀wọ̀n náà. Àléébù irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá dúró lórí gómìnà kan, ó máa ń mì bí gómìnà náà bá ti gbé àpótí kúrò nílé ìjọba. Ohun tí ó bá máa gba ẹ̀mí là fún ìran dé ìran ní láti dúró lórí òfin àti owó ìsúná.

Òfin náà sì ti wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Òfin ọdún 2022 sọ ìṣètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà fún ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé ìjọba yóò san owó iṣẹ́ abẹ fún aboyún tí kò lówó tí ó sì nílò rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó wà ní abúlé. Aboyún kì í fi ìkéde bímọ.

Kí ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀? Àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìfúnpá tí ó ń ṣiṣẹ́, bébà àyẹ̀wò ìtọ̀, téèpù, àti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ. Gbogbo wọn papọ̀ kò tó owó ọkọ̀ ọlọ́lá kan tí wọ́n ń rà fún alága. Èkejì, kí ọsibítù ìjọba kan ó kéré tán wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ní CTG, tí ó ní iná tí kì í kú, tí ó sì ní ẹni tí ó lè ka àbọ̀ rẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án. Bébà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà kò yàtọ̀ sí bébà ìfi-wé-àkàrà. Ẹ̀kẹta, kí obìnrin tí ó bá sọ pé ọmọ òun dákẹ́ má san owó kankan kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má sì lé e padà sílé nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kíliníìkì. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa jókòó wádìí ikú ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bí ní òkú, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ nínú ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ti ọdún 2016. Kì í ṣe láti mú ẹnìkan dè, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀wọ̀n ti já.

Iṣẹ́ sì wà fún ẹbí. Ọkọ tí ó bá gbọ́ pé ọmọ kò yí láti àárọ̀ kò gbọdọ̀ dúró de owó oṣù. Ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ fi àgbo dípò àyẹ̀wò. Wòlíì tí aboyún sá tọ̀ lè gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ sí ọsibítù; Ọlọ́run kò jìnnà sí ibẹ̀. Aboyún fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tijú láti lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá lọ, tí wọ́n ní ọmọ ń sùn ni, kò sọ nǹkankan nù ju owó máàrúwá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìlú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ń gbé, àbọ̀ ìwádìí MBRRACE-UK ti ń fi hàn léraléra pé bíbí òkú ọmọ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lé ní ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ kò wọ́n wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ pé àwọn sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́ tàwọn. Ìgbá kejì ni ó ń já lọ́hùn-ún. Aboyún Yorùbá tí ó wà ní Peckham ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì sọ ọ́ sókè.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí wọ́n ń sọ yẹn ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, gbogbo ọjà sì ń rí i. Èyí tí ó ṣì wà nínú ikùn náà ní orí, ó sì ní àwọn àgbà tí ó yẹ kí ó máa wò ó: nọ́ọ̀sì, dókítà, alága ìjọba ìbílẹ̀, gómìnà, bàbá àti ìyá ọkọ. Ìtùnú tí a ń fún ẹni tí omi rẹ̀ dànù kò níí parẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò sì yẹ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́la, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu ojú ìyá tán, kí ẹnìkan nínú ilé náà bèèrè ọjọ́ tí ọmọ yí kẹ́yìn, ẹni tí wọ́n sọ fún, àti ohun tí ẹni náà ṣe.